Olóyè Mákánjú Tí Kì Í Darúgbó

Ní àdúgbò wa ní Ajara, ènìyàn mẹ́ta ni ọjọ́ orí wọn kì í yí padà: ẹni tó ti kú, ẹni tí wọn ò tíì bí, àti Olóyè Olúdọ̀tun Mákánjú.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni Olóyè. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí mo ń wọ yunifásítì, ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. Mo kàwé jáde, mo sin ìlú bí agùnbánirọ̀, mo ríṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn, mo padà délé, mo bá a níbi tí mo fi í sí, bí òpó iná.

Irun orí rẹ̀ dúdú ju kóró iṣin lọ. Òjò kì í bá a níta. Tí ojú ọ̀run bá ti ṣú lápá òkun, Olóyè á ti sá wọlé. Iyọ̀ nìkan ló tún bẹ̀rù òjò tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí òjò ká a mọ́ ìta, kì í ṣe orí rẹ̀ nìkan ló dúdú nígbà tó délé. Ọrùn agbádá funfun rẹ̀ náà ti di ọ̀dọ́.

Mákánjú ni orúkọ bàbá rẹ̀. Orúkọ náà ò ràn án. Ohun gbogbo ni Olóyè ń kánjú ṣe, àfi ọdún nìkan ni kì í kánjú kà.

Ẹni tó ń ki í ni Gbénga, akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ dùn ju omi àgbọn tútù lọ.

"Di-ọ̀tun-lójoojúmọ́!" ni Gbénga máa ń pariwo bí Olóyè bá yọ lókèèrè. "Ọ̀dọ́ láàárín àgbà, àgbà láàárín ọ̀dọ́! Erin tí ń sáré bí ìgalà! Àgbọn etí òkun, ìjì ń jà, ìwọ ń jó!"

Níbi ìnáwó òkú, bí ọtí bá ti wọlé díẹ̀, Olóyè a máa ròyìn bí òun ṣe gbé àsíá níwájú gbogbo ọmọ iléèwé lọ́jọ́ tí orílẹ̀-èdè wa gba òmìnira. Ẹnìkan wá ṣírò rẹ̀, ó ní ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin báyìí, ọmọ ọwọ́ ló máa jẹ́ nígbà yẹn.

Gbénga ló dá a lóhùn. "Ọmọ ọwọ́ ò lè gbé àsíá ni? Ẹ̀yìn ìyá wọn ni wọ́n wà tí wọ́n fi gbé e!"

Ẹ má rò pé torí pé Olóyè fẹ́ jẹ́ ọ̀dọ́, kò fẹ́ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún òun bí àgbà. Méjèèjì ló fẹ́. Ó fẹ́ jẹ ẹran, ó fẹ́ kí màlúù ṣì máa dún lẹ́yìn ilé. Ìkíni ló sì kúkú fẹ́ràn jù. Nípàdé kan, Khaleel, olùkọ́ ọ̀dọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Otto, tẹ̀ ba díẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀, ó ní, "Ẹ káalẹ́, sà."

Olóyè wò ó láti òkè délẹ̀. "Kí lò ń wá nílẹ̀? Abẹ́rẹ́ rẹ bọ́ ni?"

"Rárá, sà. Mo ń kí yín ni."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń kíni nìyẹn? Àyà tí kò kan ilẹ̀, ìkíni rẹ̀ ò tíì délé!"

Khaleel na ara rẹ̀ sórí iyanrìn gbalaja, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti di òwe ní Ajara. Ọmọdé tó bá ń ṣe ọ̀lẹ láti kí ìyá rẹ̀, a máa gbọ́ ọ: àyà tí kò kan ilẹ̀, ìkíni rẹ̀ ò tíì délé.

Ohun tí Olóyè ò rò ni pé bàbá Khaleel wà níbẹ̀, ó jókòó jẹ́ẹ́. Alhaji Sùnmọ́nù ni bàbá náà, ẹni tó ti fìgbà kan ta pákó ní ọjà Agbalata. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́rin ni, ó sì ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá bi í àti ẹni tí kò bi í.

Sùnmọ́nù yìí ni àwọn onílé fẹ́ fi ṣe alága tuntun. Olóyè náà fẹ́ ipò ọ̀hún. Kò lè bá Sùnmọ́nù du ojú rere, nítorí náà ó bá a du ọdún. Ó dìde nípàdé, ó di ògiri mú díẹ̀, ó ní:

"Ẹ jẹ́ ká ṣòfin. Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún, kó má dupò alága mọ́. Kí àwọn bàbá wa lọ sinmi. Ẹ jẹ́ kí àwa ọ̀dọ́ ṣe é!"

Kí ẹnikẹ́ni tó ya ẹnu, Gbénga ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó ti fi ìlà sí i nídìí.

Sùnmọ́nù ò jà. Ó kàn rẹ́rìn-ín. "Olóyè, òfin ò yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ń tì í, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá inú ilé lòun wà."

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n dìbò nígbà tí ara Olóyè fúnra rẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ara ò wá sípàdé lọ́jọ́ tí wọ́n ṣòfin. Kò mọ̀ pé ọ̀dọ́ lòun. Ìpá ló yọ sí Olóyè lábẹ́ ikùn. Bó bá wúkọ́, á wú. Bó bá dùbúlẹ̀, á wọlé. Agbádá ló fi ń bò ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n agbádá kì í pa ìrora.

Bó ṣe dé Ilé Ìwòsàn Ẹ̀bá-Ọ̀sà nìyẹn, lọ́dọ̀ Dókítà Oyèrónkẹ́, ọmọ Èkìtì tí kì í pariwo, tí kì í sì í gbàgbé ohun tí ojú rẹ̀ bá rí.

Mo ní láti ṣàlàyé àṣà ilé ìwòsàn yìí díẹ̀, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọn kì í kàn gbé e sórí tábìlì kí wọ́n fi abẹ kàn án. Wọ́n á kọ́kọ́ wò ó. Ṣé ó lè dìde lórí àga láì fọwọ́ tì í? Báwo ló ṣe ń rìn? Ṣé ọwọ́ rẹ̀ ṣì le? Ṣé aṣọ ti ń tóbi jù fún un? Oògùn wo àti wo ló ń lò papọ̀? Bí wọ́n bá rí i pé agbára ti ń yọ́ kúrò lára, wọ́n á ní kó lọ sí kíláàsì Nọ́ọ̀sì Mercy fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan: ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, jíjókòó àti dídìde, rírìn létí ọ̀sà lówùúrọ̀. Lẹ́yìn náà ni abẹ yóò kàn án.

Èmi náà ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Iléeṣẹ́ wa ní kí n lọ kọ ìròyìn nípa rẹ̀, mo bá lọ bi Nọ́ọ̀sì Mercy léèrè: ṣé kí àgbàlagbà máa jókòó, kó máa dìde, ṣé ìyẹn náà ni ìtọ́jú?

"Ọkọ̀ tó ti pẹ́ létí ọ̀sà," ni Mercy wí, "ṣé o máa tì í sójú òkun láì kọ́kọ́ dí àwọn ihò ara rẹ̀? Iṣẹ́ abẹ ni òkun náà. Àwọn kan wà tí abẹ wọn yọrí dáadáa, ṣùgbọ́n tí wọn ò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Kì í ṣe abẹ ló pa wọ́n. A tì wọ́n sójú òkun pẹ̀lú ihò ni."

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Olóyè níwájú dókítà.

"Ọmọ ọdún mélòó ni yín, sà?"

"Mẹ́rìndínláàádọ́rin."

Dókítà wo bẹ́líìtì rẹ̀. Ihò tuntun ni wọ́n fi ìṣó lu sí i. "Ẹ ti rù, àbí?"

"Mi ò rù. Aṣọ ayé òde òní ló máa ń fẹ̀."

"Ṣé ó máa ń tètè rẹ̀ yín?"

"Iṣẹ́ ìlú ló ń rẹ̀ mí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde lórí àga yẹn láì fọwọ́ tì í."

"Dókítà, olóyè ni mí. Wọ́n máa ń gbé mi dìde ni."

Dókítà Oyèrónkẹ́ fi kálàmù rẹ̀ sílẹ̀. "Ó dáa, sà. Ẹ mú ẹbí yín kan wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. A fẹ́ kó sọ fún wa bí ẹ ṣe ń jẹun àti bí ẹ ṣe ń rìn nílé. Òun náà ló máa dúró tì yín lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ."

Níbẹ̀ ni nǹkan ti dojú rú. Ìyàwó Olóyè ti di olóògbé. Òkè òkun ni àwọn ọmọ rẹ̀ wà. Ẹbí kan ṣoṣo tó kù fún un nítòsí ni Jẹ̀mílátù, àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó gba orúkọ yìí nígbà tó fẹ́ ọkọ mùsùlùmí. Jẹ̀mílátù ní gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn, wọ́n fẹ́ gé e fún un. Kíláàsì Mercy kan náà ló sì wà. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni, gbogbo kíláàsì ló sì mọ̀.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Àbúrò jẹ́ mẹ́tàléláàádọ́rin. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ mẹ́rìndínláàádọ́rin. Kò sí ìyá tó lè bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àfi bó bá ń fi ẹ̀yìn rìn.

Olóyè lọ bá àbúrò rẹ̀ nílé. Jẹ̀mílátù ń pa ẹja lẹ́yìnkùlé, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì. "Fòfó, ẹ káàbọ̀."

Ègùn ni ìyá wọn. Bí àwọn Ègùn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin nìyẹn.

"Dìde, dìde," ni Olóyè wí, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. "Jẹ̀mílá, láti òní lọ, ìwọ ni ẹ̀gbọ́n mi."

"Fòfó, ṣé ibà ni?"

"Má pè mí ní Fòfó mọ́! Olúdọ̀tun ni kó o máa pè mí."

"Háà! Kí ẹnu mi wọ́ ni?"

Ó ṣàlàyé fún un: ìpá, dókítà, ìdìbò, òfin. Jẹ̀mílátù gbọ́ ọ tán, ó nu ọwọ́ rẹ̀ nídìí ìró.

"Fòfó, ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ sí kíláàsì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi ń ti àga kí n tó dìde. Ẹ wò mí báyìí."

"Kí Sùnmọ́nù máa wò mí níbi tí mo ti ń jókòó, tí mo ń dìde, bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi? Ó wà níbẹ̀, àbí kò sí?"

"Ó wà níbẹ̀. Ó ń múra abẹ tirẹ̀. Kò sì tì í lójú."

"Ojú ń tì mí!"

"Bí abẹ bá wá bá yín láìlágbára ńkọ́? Ọmọ méje ni ìyá wa bí, Fòfó. Ẹ̀yin nìkan ló kù fún mi."

"Ta ló ní mi ò lágbára?" Olóyè lu àyà rẹ̀ gbì. Ikọ́ gbé e. Ìpá wú. Ó ní láti jókòó sórí ọlọ.

Jẹ̀mílátù fún un lómi mu. Ó dúró títí ikọ́ fi lọ. "Ó dáa. Mi ò ní purọ́, mi ò sì ní tú yín fó. Bí wọ́n bá bi mí ta lẹ̀gbọ́n, màá máa wo ọ̀sà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun làbúrò mi, òun ló máa kí mi. Mi ò ní kúnlẹ̀ fún àbúrò mi lójú èrò."

"Ìyẹn nìkan? Màá tẹ̀ ba díẹ̀."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé. Gbọ̀ngàn kíláàsì náà kọjú sí ọ̀sà, táìlì funfun ló wà nílẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà jókòó lórí àga ní ìlà ìlà. Mercy dúró níwájú, ó ń lé orin fún wọn:

"Ẹ dìde o, ẹ jókòó,
Ẹsẹ̀ mi, má dà mí!"

Alhaji Sùnmọ́nù ń dìde, ó ń jókòó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Zinsu wà, arúgbó apẹja kan, ọmọ Ègùn, tó ń pariwo "Ganji! Ganji!", ìyẹn "ó dára" lédè wọn, nígbàkigbà tí orúnkún rẹ̀ bá gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Khaleel tó gbé bàbá rẹ̀ wá dúró nídìí ògiri, èmi náà dúró tì í, mò ń kọ ìròyìn mi. Jẹ̀mílátù wà níwájú, ó ń dìde bí ẹni pé àga gbóná.

Olóyè wọlé. Agbádá rẹ̀ le bí pákó. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká Gbénga, ó ní ìfẹ́ ni. Ọwọ́ kejì Gbénga gbé fóònù sókè: ó ti pe gbogbo onílé sórí Wasáàpù, kí wọ́n fojú ara wọn rí i bí dókítà yóò ṣe kéde pé ara alága ọ̀la le koko.

"Ẹ wò wọ́n!" ni Gbénga ń wí sí fóònù. "Àgbọn etí òkun! Wọ́n wá bẹ àwọn arúgbó wò!"

Dókítà Oyèrónkẹ́ jáde. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ta lẹ mú wá?"

Olóyè nawọ́ sí Jẹ̀mílátù.

"Háà, Màmá wa! Báwo lẹ ṣe jẹ́ síra yín?"

"Ọmọ ìyá kan náà ni wá," ni Jẹ̀mílátù dáhùn.

"Ta ló ṣáájú?"

Jẹ̀mílátù yíjú sí ọ̀sà. Ọkọ̀ kan ń kọjá lọ. Ó wò ó bí ẹni tí kò rí ọkọ̀ rí.

"Àwọn ni!" ni Olóyè yára dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an ni."

Alhaji Sùnmọ́nù wà lágbedeméjì ìjókòó àti ìdìde. Ó dúró síbẹ̀. "Olóyè, ẹ̀gbọ́n yín nìyí? Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti wọlé, mi ò rí i kẹ́ ẹ kí wọn."

"Mo fẹ́ kí wọn. Ṣé ẹ jẹ́ kí n ráyè ni?" Olóyè tẹ̀ ba díẹ̀. Ìka rẹ̀ ń wá ilẹ̀, ilẹ̀ ń sá fún un.

"Kí lẹ ń wá nílẹ̀, Olóyè?" ni Sùnmọ́nù béèrè, ohùn rẹ̀ dẹ̀ bí òrí. "Abẹ́rẹ́ yín bọ́ ni?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín fín-ín lẹ́yìn. Gbogbo ará Ajara tó wà níbẹ̀ ló mọ ohun tó kàn. Zinsu ló kọ́kọ́ dá a: "Àyà tí kò kan ilẹ̀..."

Gbogbo kíláàsì gbè é: "Ìkíni rẹ̀ ò tíì délé!"

Khaleel kọjú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ẹ bá Olóyè rò ó. Bó bá kọ̀ láti dọ̀bálẹ̀, a jẹ́ pé òun lẹ̀gbọ́n, ó ti lé ní àádọ́rin, ipò ti bọ́. Bó bá dọ̀bálẹ̀, àbúrò tó ń kúnlẹ̀ fún un láti kékeré ni yóò máa wo ìpàkọ́ rẹ̀. Jẹ̀mílátù sún mọ́ ọn, ó rọra sọ̀rọ̀ sí i létí:

"Fòfó, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àga kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Etí Zinsu mú ju bó ṣe yẹ kí etí arúgbó mú lọ. "Mo gbọ́ 'Fòfó'?"

"Ìnagijẹ ni!" ni Gbénga kígbe.

Olóyè wo fóònù. Ó rí ojú àwọn onílé kéékèèké nínú rẹ̀, wọ́n ń retí. Ó ká agbádá sí èjìká, ó di àga mú, ó lọ sílẹ̀ lórí orúnkún kan, ó lọ sílẹ̀ lórí ìkejì. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ yẹ̀, Olóyè sì délẹ̀ gbìì, agbádá tẹ́ yí i ká bí àwọ̀n tí wọ́n sá sí etí ọ̀sà. Àyà kan ilẹ̀. Ìkíni délé.

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Gbénga sún fóònù mọ́ ọn. "Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀! Ẹ wo bí eegun ọ̀dọ́ ṣe ń ṣẹ́ po!"

Àtẹ́wọ́ parí. Olóyè ò dìde.

"Ó tó, ẹ dìde," ni Jẹ̀mílátù wí.

Ohùn Olóyè jáde láti abẹ́ agbádá. "Mo ṣì ń kí yín ni."

Wọ́n dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ti ilẹ̀, ilẹ̀ ò tì í padà. Àwọ̀sókè rẹ̀ yọ̀ lórí táìlì, iwájú orí rẹ̀ sì kan ilẹ̀ kó.

"Ìkíni yìí mà gùn o," ni Zinsu wí. "Ṣé ó ń kí gbogbo ìdílé ni?"

Olóyè tún gbìyànjú. Ikọ́ gbé e nílẹ̀ níbẹ̀. Ìpá wú, ó sì ké. Gbogbo ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wa. Gbénga fẹ́ fà á lápá, ṣùgbọ́n Mercy pariwo mọ́ ọn: "Má fà á! Ṣé o fẹ́ yọ apá wọn ni?"

Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà wàyí. Ẹ̀rù kò sì mọ òfin ẹgbẹ́ onílé, kò mọ fóònù, kò mọ ìdìbò.

"Jẹ̀mílá!" ni Olóyè kígbe. "Jẹ̀mílá o! Gbé mi dìde! Bó o ṣe máa dúró wò mí nìyí? Èmi tí mo pọ̀n ọ́ lọ sódò! Èmi tí mo pọ̀n ọ́ dé Agbalata nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ ò tíì mọ ilẹ̀ tẹ̀!"



Zinsu ló bi gbogbo wa léèrè. "Àbúrò ló pọn ẹ̀gbọ́n?"

"Ó ṣeé ṣe," ni Sùnmọ́nù dáhùn. "Ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n, òun pọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tún gbé àsíá dání. Ọ̀dọ́ alágbára!"

Ẹ̀rín bú. Àwọn tó wà lórí àga di àga mú. Zinsu rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó láìretí orin. Kódà Mercy fi ìwé bo ẹnu.

Jẹ̀mílátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti kúnlẹ̀ sílẹ̀ lórí táìlì, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ọmọge. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ fara balẹ̀, Fòfó. Ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀. Ó dáa. Ẹ kúnlẹ̀ báyìí. Khaleel, gbé àga wá. Ẹ gbé ọwọ́ lé àga. Ẹ gbé ẹsẹ̀ tó le síwájú. Mo wà lẹ́yìn yín."

Olóyè dìde. Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀. Lórí táìlì funfun níbi tí iwájú orí rẹ̀ ti kàn, àmì dúdú roboto kan wà. Àwọ̀ kóró iṣin gan-an ni.

Dókítà Oyèrónkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó wo ìpá náà, ó mú ọwọ́ rẹ̀. "Ọmọ ọdún mélòó ni yín, sà?"

Olóyè sọ nǹkan kan sínú agbádá.

Ohùn kan jáde láti inú fóònù Gbénga. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ sọ ọ́ sókè díẹ̀. A ò gbọ́ níbí."

"Méjìdínlọ́gọ́rin!" ni Olóyè Mákánjú kígbe. "Ṣé ẹ ti gbọ́? Méjìdínlọ́gọ́rin!"

Wọ́n ti gbọ́. Gbénga pa fóònù. Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sùnmọ́nù: "Alhaji Pákó-kì-í-jẹrà! Ìrókò tó ń..."

"Jókòó, jọ̀ọ́," ni Sùnmọ́nù wí. "Òfin tó o kọ ò ní pẹ́ kàn ọ́ náà."

Dókítà ò fi abẹ kan Olóyè lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní ìpá náà ṣeé dúró dè, ṣùgbọ́n agbára tó kù lára rẹ̀ kò tíì gba abẹ. Ó mú ìgò mẹ́ta kúrò nínú àwọn àgbo àti oògùn tó ń lò papọ̀. Ó fi ẹyin rọ́pò wọn. Àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jẹ̀mílátù di ti Olóyè.

Àwọn onílé dìbò. Òfin ṣì wà níbẹ̀: Sùnmọ́nù ò lè du ipò, Olóyè ò lè du ipò. "Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ ṣe é," ni Olóyè fúnra rẹ̀ ti wí, wọ́n sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Khaleel ni wọ́n fi ṣe alága.

Mo padà sí kíláàsì náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan lẹ́yìn ìyẹn. Irun Olóyè ti funfun látìdí. Òjò ń rọ̀, fèrèsé sì ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń dìde, ó ń jókòó. Ìka kan ṣoṣo ló kù lórí apá àga. Ìka yẹn ló ń bá jà. Jẹ̀mílátù ń kà á fún un, ó sì ń pè é ní Fòfó bó ṣe wù ú.

Khaleel wọlé láti wá gbé bàbá rẹ̀. Ó rí Olóyè, ó ká ṣòkòtò sókè, ó ń múra láti na ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja, kí àyà lè kan ilẹ̀.

"Rárá o! Dúró!" Olóyè na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Kò mọ̀ pé òun ti dìde tán láì fọwọ́ kan àga. "Alága, má délẹ̀, mo bẹ̀ ọ́. Ìka kan ti tó. Mi ò tíì lè gbé ẹnikẹ́ni dìde."